Òkú ẹran kì í pa igún: ohun tó ń pa á gan-an, àti bí a ṣe ń gbà á là

Igún lè jẹ òkú màlúù tí àrùn anthrax pa, kó jẹ ẹ́ yó, kó nu ẹnu, kó sì fò lọ láìsí ohun tó ṣe é. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ lágbára débi pé ó ń pa kòkòrò àrùn tó lè run odidi agbo ẹran. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 15, ẹ̀yà igún mẹ́ta tó pọ̀ bí eṣú ní Íńdíà, Pakistan àti Nepal fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ohun tó sì pa wọ́n kò ju oògùn ara ríro tí wọ́n fi ń tọ́jú màlúù lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ igún ti máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ẹyẹ tí anthrax kò rí gbé ṣe, báwo ni oògùn tí ènìyàn ń lò fún ẹ̀yìn dídùn ṣe pa á? Bí wọ́n bá sì ń tán lọ lóòótọ́, ṣé kò rọrùn ká kó àwọn tó kù sínú àgọ́, kí wọ́n bímọ rẹpẹtẹ, ká sì tú àwọn ọmọ sílẹ̀? Àti pé nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni èrè kí dókítà ẹranko jókòó ti igún kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀? Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Nǹkan bí ẹ̀yà igún 23 ló wà láyé. Méje nínú wọn, títí kan kọ́ńdọ̀, jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Yúróòpù. Ìdílé méjèèjì kò bára tan tímọ́tímọ́, iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ń ṣe ló mú kí wọ́n jọra. Èyí tó ju ìdajì wọn lọ wà nínú ewu ìparun, 9 nínú wọn sì wà ní ìpele tó burú jù lọ nínú àkójọ tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ń tọ́jú.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú sórí igi ní Íńdíà àti Pakistan, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ́kọ́ fura sí ni àrùn tó ń ràn. Wọ́n wá a títí, ọwọ́ wọn kò bà á. Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n la àwọn òkú igún náà ni nǹkan funfun kan tó bo ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn, bí ẹni pé wọ́n bu ẹfun lù ú. Ẹyẹ kì í tọ̀ bíi tiwa. Funfun tí a máa ń rí lára ìgbẹ́ ẹyẹ, ìdọ̀tí tí kíndìnrín rẹ̀ yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Bí kíndìnrín bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, funfun yìí kò ríbi jáde mọ́, á wá máa dì mọ́ àwọn ẹ̀yà inú. Ẹfun inú òkú igún yìí ló tọ́ka sí kíndìnrín, kíndìnrín ló sì mú kí àwọn kan béèrè pé: oògùn wo ló ń ba kíndìnrín jẹ́, tí àwọn olówó ẹran sì ń lò káàkiri?

Ní 2004, Lindsay Oaks, dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Pakistan tẹ ìdáhùn jáde. Diclofenac ni. Gbogbo igún 25 tí ẹfun yẹn wà nínú wọn ló ní diclofenac lára. Àwọn 13 tí ohun mìíràn pa kò ní in rárá. Màlúù tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ kí ara lè tù ú. Bí ó bá kú láìpẹ́ sígbà náà, oògùn náà ṣì wà nínú ẹran rẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, tí igún sì fẹ́ràn láti kọ́kọ́ jẹ nítorí pé wọ́n rọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ igún náà á sorí kọ́, á sì kú.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wá rọrùn. Ohun ẹlẹ́mìí ni omi kíkan inú ikùn igún ń pa. Kòkòrò àrùn ní ẹ̀mí. Diclofenac kò ní. Ó kàn ń gba inú ikùn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Gbogbo ohun ìjà tí igún ní, ìjà mìíràn ni wọ́n dá a fún.

Ohun tó ń jà mí láyà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí májèlé náà ṣe kéré tó. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé òkú màlúù tó ní oògùn náà nínú kò ní láti tó 1 nínú 100 kí igún tó lè tán bí wọ́n ṣe tán yẹn. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣírò rẹ̀. Ká ní igún kan ń jẹun lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, yóò jókòó ti òkú ẹran ní nǹkan bí ìgbà 120 lọ́dún. Ká ní òkú ẹran 1 péré nínú 200 ló ní májèlé. Lọ́dún méjì, igún náà ti jẹun ní ìgbà 240. Bí a bá fi igún 100 sí orí ìṣirò yìí, nǹkan bí 30 ni yóò ṣì wà láàyè nígbà tí ọdún méjì bá pé. Igún kì í sì í dá jẹun. Òkú màlúù kan lè pe ogójì tàbí àádọ́ta wọn jọ, gbogbo wọn á sì jọ pín in.

Kì í tètè bímọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà igún kì í yé ẹyin àkọ́kọ́ títí wọn yóò fi tó ọmọ ọdún 4 sí 6. Lẹ́yìn náà, ẹyin kan ni lọ́dún, ọ̀kan ṣoṣo àràbà. Takọtabo ló jọ ń sàba lé e fún nǹkan bí oṣù méjì, wọn á tún máa gbé oúnjẹ wá fún ọmọ náà fún oṣù mélòó kan kí apá rẹ̀ tó gbé e. Bí ẹyin bá fọ́, tàbí tí ọmọ bá kú, ọdún ti lọ nìyẹn. Adìyẹ lè pàdánù ọmọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kí ìran rẹ̀ má tán. Igún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí gígùn nìkan ni ọrọ̀ tó ní. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ láyé kó tó lè fi ọmọ kan tó dàgbà rọ́pò ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí igún àgbà kan tó yè fi níye lórí ju ẹyin mélòó kan lọ lójú ẹni tó mọ̀ wọ́n, tí dókítà sì fi ń jókòó ti ẹyọ kan. Ìdí nìyí náà tí kíkó wọn sínú àgọ́ kò fi lè yanjú ọ̀rọ̀ kíákíá.

Íńdíà, Pakistan àti Nepal fòfin de diclofenac fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, Bangladesh ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010. Oògùn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ kan náà wà, meloxicam, tí wọ́n dán wò dáadáa tí kò sì pa igún. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Diclofenac ti ènìyàn ṣì wà lórí igbá, nínú ìgò ńlá tó gba mílílítà 30, tó sì tó abẹ́rẹ́ màlúù. Àwọn olówó ẹran kàn ń ra ti ènìyàn fún màlúù ni. Ó di 2015 kí Íńdíà tó pàṣẹ pé ìgò ti ènìyàn kò gbọdọ̀ ju mílílítà 3 lọ. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni mo ka èyí sí: wọn kò gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n kàn mú kó di wàhálà àti ìnáwó fún ẹni tó fẹ́ fi gún màlúù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn oògùn tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ tún jáde. Aceclofenac máa ń yí padà di diclofenac nínú ara màlúù, ketoprofen náà sì ń pa igún. Íńdíà fòfin de àwọn méjèèjì fún ẹran ní 2023. Nínú ẹ̀yà igún onídìí funfun, tó ti pọ̀ ju gbogbo igún lọ ní Íńdíà nígbà kan, ohun tó lọ láàárín 1992 sí 2007 tó 99.9 nínú 100.

Nígbà tí igún tán, òkú màlúù kò tán. Ajá ló jogún rẹ̀. Ajá ìgboro ń jẹ, wọ́n ń bí sí i, dìgbòlugi sì ń bá wọn kiri. Òkú ẹran tí igún ìbá ti jẹ kan egungun láàárín wákàtí díẹ̀ ń jẹrà sí etí omi tí ènìyàn ń lò. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, fi àwọn agbègbè tí igún pọ̀ sí tẹ́lẹ̀ wé àwọn ibi tí igún kò fi bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé àìsí igún fa ikú nǹkan bí 500,000 ènìyàn ní Íńdíà láàárín 2000 sí 2005. Ẹni tó bá sọ pé ẹyẹ burúkú ni igún, kó gbé iye yẹn yẹ̀ wò.

Ní Áfíríkà, oògùn màlúù kọ́ ni ìṣòro tó ga jù. Májèlé gidi ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ ikú igún 7,819 láti orílẹ̀-èdè 26 jọ, wọ́n rí i pé nǹkan bí 61 nínú 100 ló jẹ́ ti májèlé, 29 nínú 100 jẹ́ ti àwọn tó ń pa wọ́n láti ta orí àti ẹ̀yà ara wọn fún oògùn ìbílẹ̀, nǹkan bí 9 sì jẹ́ ti wáyà iná. Ní 2015, IUCN gbé ẹ̀yà igún mẹ́rin ní Áfíríkà lọ sí ìpele tó burú jù lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀nà méjì ni májèlé ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Èkíní: kìnnìún tàbí ìkokò pa màlúù ẹnìkan, inú bí i, ó da oògùn apakòkòrò oko sí òkú màlúù náà kí ẹranko yẹn lè padà wá jẹ ẹ́. Igún ló kọ́kọ́ ń dé. Kò sẹ́ni tó ń bá igún jà níbẹ̀, àmọ́ òun ni ogun ń pa. Ọ̀nà kejì burú jù lójú mi, nítorí igún gan-an ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ń jí erin pa mọ̀ pé bí igún bá ti ń yí po lójú ọ̀run, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á mọ ibi tí òkú erin wà. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti gé eyín erin tán, wọ́n á da májèlé sórí òkú rẹ̀ láti pa ẹyẹ tó lè tú àṣírí wọn. Ní oṣù kẹfà 2019, igún 537 kú lọ́nà yìí níbì kan ní Botswana. Ẹ rántí ẹyin kan lọ́dún. Ní Guinea-Bissau, láàárín oṣù díẹ̀ ní 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì bá láìlórí. Àwọn àgbà tó ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bá igún kan láàyè láàárín òkú àádọ́ta? Májèlé tí wọ́n sábà máa ń lò jẹ́ oògùn apakòkòrò bíi carbofuran. Nínú ara ẹyẹ àti ti ènìyàn, bí iṣan bá ránṣẹ́ sí ẹran ara pé kó mira, ohun kan wà tó máa ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti jẹ́ ẹ. Májèlé yìí ń so ohun náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí a ti jẹ́ wá ń dún títí, bí aago tí kò sẹ́ni tó lè pa á. Igún náà á máa gbọ̀n, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká jọ gírígírí, èémí á wá há.

Ewu kìíní wà ní ọrùn rẹ̀. Igún ní àpò kan níbẹ̀ tó ń kó ẹran sí kó tó wọ ikùn, àpò náà sì lè gba ẹran tó tó kìlógírámù kan. Bí ẹran olóró bá ṣì wà nínú rẹ̀, oró á máa sun wọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ohunkóhun tí dókítà bá ń ṣe. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tú àpò náà dà. Igún fúnra rẹ̀ máa ń bì bí ẹ̀rù bá bà á, èyí sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí á wọ ìbọ̀wọ́, nítorí májèlé náà lè gba awọ ara ènìyàn wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fún un ní èédú tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú, kó lè di èyí tó kù mọ́ra. Wọ́n á gún un ní atropine tó ń dá ariwo iṣan dúró. Wọ́n á sì fa omi sí i lára. Wọ́n á gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì dákẹ́. Òkùnkùn yẹn wà lára ìtọ́jú: ẹ̀rù nìkan tó láti pa ẹyẹ tó ti rẹ̀. Bí ìrànlọ́wọ́ bá tètè dé, ọ̀pọ̀ wọn ń jí. Mo máa ń ronú nípa wákàtí díẹ̀ yẹn, pé gbogbo ọdún tí igún náà ti lò láyé, àti gbogbo ẹyin tí yóò ṣì yé, wà lọ́wọ́ ẹni tó di ọrùn rẹ̀ mú.

Ẹni tó bá ń di igún mú tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni kó ṣọ́ra fún. Èékánná idì ló ń ṣeni léṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ igún kò lágbára láti gbá nǹkan mú, ẹsẹ̀ rírìn ni. Ẹnu tó ń ya awọ màlúù ni ó lè ya ọwọ́ ènìyàn.

Òjé yàtọ̀, òun kì í yára pani. Ọdẹ yìnbọn pa ẹran, ó kó ìfun rẹ̀ jù sígbó, tàbí ẹran náà sá lọ kú síbì kan. Ọta ìbọn olójé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹran, èérún rẹ̀ á sì kéré débi pé ojú kò ní rí i. Igún jẹ ẹ́. Omi kíkan kan náà tó ń gbà á lọ́wọ́ anthrax ló wá ń yọ́ òjé náà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ náà á rù, ikùn rẹ̀ kò ní lè da oúnjẹ mọ́, ebi á pa á kú pẹ̀lú ẹran lọ́rùn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń so mọ́ òjé nínú ẹ̀jẹ̀ kó lè bá ìgbẹ́ jáde, wọ́n sì lè gún un fún ọjọ́ púpọ̀. Kọ́ńdọ̀ Kalifọ́níà ni òjé bá jà jù, àwọn kan nínú wọn sì ti padà sí ilé ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ìṣòro kan náà.

Ìtàn kọ́ńdọ̀ yìí ló dáhùn ìbéèrè nípa àgọ́. Ní 1982, nǹkan bí 22 péré ló kù láyé. Ní oṣù kẹrin 1987 ni wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn nínú igbó, gbogbo wọn wá di 27, nínú ọgbà ẹranko. Ìjà ńlá wáyé lórí ìpinnu yẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹyẹ náà kú ní ọ̀wọ̀ níbi tí Ọlọ́run dá a sí. Inú mi dùn pé a kò gbọ́ tiwọn. Kọ́ńdọ̀ sábà máa ń yé ẹyin kan ní ọdún méjì, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹyin náà kúrò nígbà tí ó tètè yé e, á tún yé òmíràn. Wọ́n ń gbé ti àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin, wọ́n sì ń fi èkejì sílẹ̀ fún ìyá. Ọmọ tó jáde nínú ẹ̀rọ wá di ìṣòro mìíràn, nítorí ọmọ ẹyẹ tó bá la ojú rí ènìyàn á rò pé ènìyàn ni òun. Nítorí náà, olùtọ́jú á fi ara pamọ́, á ki ọwọ́ bọ ọmọlangidi tí wọ́n ṣe bí orí kọ́ńdọ̀ àgbà, òun ni á fi máa bọ́ ọmọ náà. Kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n tún ń ri òpó iná ayédèrú sínú àgọ́ wọn, tó máa ń ta wọ́n díẹ̀ bí wọ́n bá bà lé e, kí wọ́n lè sá fún òpó gidi. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn padà sígbó. Lónìí wọ́n ti ju 500 lọ, èyí tó ju 300 lọ ló sì ń fò nínú igbó. Ṣùgbọ́n nítorí òjé, ó di dandan kí wọ́n máa mú wọn lóòrèkóòrè láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kalifọ́níà fòfin de ọta olójé fún gbogbo iṣẹ́ ọdẹ ní 2019; àwọn kọ́ńdọ̀ kì í sì í dúró sí Kalifọ́níà nìkan. Títú ẹyẹ sílẹ̀ láìtún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, fífi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n omi ni.

Ti igún onírùngbọ̀n lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ìdí tí wọ́n fi pa á tán ti kúrò nílẹ̀. Irọ́ ló pa á. Wọ́n ní ó ń gbé ọmọ àgùntàn, wọ́n tilẹ̀ ní ó ń gbé ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ egungun ló ń jẹ. Á gbé egungun sókè réré, á jẹ́ kó já lu àpáta kó lè fọ́, á sì gbé e mì. Ọdún 1913 ni wọ́n pa èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹyin méjì ni igún yìí máa ń yé, àmọ́ ọmọ tó bá kọ́kọ́ jáde á pa àbúrò rẹ̀. Àwọn tó ń sìn wọ́n wá ń gbé ọ̀kan kúrò fún òbí alágbàtọ́, ẹ̀mí méjì sì ń yè dípò ọ̀kan. Nígbà tí ọmọ náà bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí kò tíì lè fò, wọ́n á gbé e lọ sínú ihò àpáta lórí òkè. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ na apá, ibẹ̀ ni yóò sì mọ̀ sí ilé. Rauris ní Austria ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ní 1997, ọmọ àkọ́kọ́ tí àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ bí nínú igbó fò ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ti ju 300 lọ níbẹ̀ báyìí.

Igún tí wáyà iná ti ṣẹ́ lápá ńkọ́? Bí egungun bá jinná tààrà, wọ́n á gbé e sínú àgọ́ gígùn kó máa fò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun títí apá rẹ̀ yóò fi lágbára, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i lápá, àwọn kan á sì gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Èyí tí kò bá lè fò mọ́ láé kò di àpatì. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ìtọ́jú VulPro tí Kerri Wolter dá sílẹ̀ ní 2007 ń kó irú wọn jọ, wọ́n mọ òkè àtọwọ́dá fún wọn láti tẹ́ ìtẹ́ sí, takọtabo tó ti rọ lápá sì ń bí ọmọ tí apá rẹ̀ pé, tí wọ́n ń tú sílẹ̀.

Ní Nepal, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gba ti oúnjẹ. Láti 2006 ni àwọn ará abúlé Pithauli ti ń gba màlúù tó ti darúgbó, tí kò wúlò fún olówó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ láìfún un ní oògùn olóró títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, wọ́n á sì gbé òkú rẹ̀ sí pápá fún igún. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé igún ń fò jìnnà. Ó lè jẹun níbẹ̀ lónìí kó jẹ májèlé níbòmíràn lọ́la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya agbègbè ńlá sọ́tọ̀, tó tó 100 kìlómítà láti àárín dé etí, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń ta oògùn níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń rán ènìyàn lọ bí oníbàárà láti wò ó bóyá diclofenac ṣì wà lórí igbá. Nepal ti ń rí ìbísí díẹ̀díẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú igún tí wọ́n ti sìn nínú àgọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá bá igún kan nílẹ̀ tí kò lè fò, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ó lè bá ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ fi aṣọ bò ó lójú, ẹ gbé e sínú páálí ńlá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kó wà lókùnkùn, kí ẹ sì pe àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko ìgbẹ́ tàbí dókítà ẹranko. Bí òkú ẹyẹ mìíràn bá wà nítòsí, ẹ ka gbogbo ibẹ̀ sí olóró, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ajá súnmọ́ ọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló máa mú díẹ̀ nínú ẹran náà fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó òkú ẹran àti òkú igún jọ, wọ́n á jó o di eérú, ọ̀kan nínú wọn á sì dúró tì í títí iná yóò fi kú, nítorí pé àwọn igún mìíràn ti lè máa bọ̀ lókè.